Ilé Olódi Etíkun: Ṣé Ìgbafẹ́ Ni Tàbí Ẹ̀kọ́?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Wọ́n tún ní àrìnjìnnà ní í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ayébáyé ni Yorùbá ti mọ̀ pé ìrìn-àjò a máa la ojú, a máa ṣí etí, a sì máa kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n tí kò sí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n òwò, ogun, ìbẹ̀wò àna tàbí ọdún òrìṣà ni ó sábà máa ń gbé àwọn baba wa kúrò nílé. Kí ènìyàn kàn dìde, kí ó wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀gìnnì, kí ó máa náwó láti ìlú dé ìlú nítorí kí ojú rẹ̀ lè ríran kí ara rẹ̀ sì lè sinmi, àṣà tuntun ni láàrin wa.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ yóò tọ etíkun lọ nínú ọkọ̀, yóò máa yà ní àwọn ilé ńláńlá olódi tí àwọn ọba àtijọ́ kọ́, yóò jẹ ẹja òkun, yóò sì sùn ní ilé ìtura tí ó kọjú sí omi. Ní Wales, fún àpẹẹrẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń lọ wo ilé olódi Conwy àti ti Caernarfon lọ́dọọdún. Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn méjèèjì ní ọdún 1283. Kì í ṣe nítorí kí àlejò lè máa ya àwòrán ni ó ṣe kọ́ wọn. Ó kọ́ wọn láti fi tẹ orí àwọn ará Wales ba ni. Kì í ṣe fún ìran wíwò ni a kọ́ irú àwọn ilé olódi bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ni ó bí wọn, tàbí ojúkòkòrò, tàbí méjèèjì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ irú ìrìn-àjò yìí wà nítòsí wa? Bí ó bá sì wà, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá lọ mú bọ̀ wá sílé?

Ó wà. Ẹni tí ó bá kúrò ní Bódìjà ní ìdájí, tí ó gba Ring Road kọjá sí Challenge, tí ó sì bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó tí a ṣí ní 1978, ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí yóò gbé e la orílẹ̀-èdè mẹ́rin kọjá lẹ́bàá òkun. Bí ó bá kọjá Èkó, Àgbádárìgì ni ó kàn. Lẹ́yìn èyí, yóò la Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin kọjá, yóò la Tógò kọjá, yóò sì wọ Gánà, títí yóò fi dé Elmina. Gbogbo rẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí 750 kìlómítà. Ní etíkun Gánà, láti Keta títí dé Beyin, ni àwọn òyìnbó ti kọ́ àwọn ilé olódi láàrin 1482 sí 1786. Àjọ UNESCO sì ka èyí tí ó ṣẹ́kù nínú wọn mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1979.

Kí a tó rìn síwájú, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Yorùbá ní ààfin, èyí tí í ṣe ilé ọba. Ó ní odi, èyí tí í ṣe ògiri tàbí yàrà tí a fi yí ìlú ká nítorí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ilé tí ó jẹ́ ààfin, tí ó jẹ́ odi, tí ó jẹ́ ilé ìtajà, tí ó sì tún jẹ́ túbú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni a fi ń pè é ní ilé olódi. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin odi wa àti ilé olódi àwọn òyìnbó kò sì kéré. Odi a máa yí gbogbo ìlú ká: ọba àti ìwọ̀fà, olówó àti tálákà, gbogbo wọn ni odi ń bò. Ilé olódi etíkun kò bo ìlú. Ọjà àti ẹni tí ó ni ọjà ni ó ń bò. Àwọn kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọjà náà gan-an.

Ìmúra ìrìn-àjò yìí kò le ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní 1979, ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àjọ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ìwé ìrìnnà, ìwé ọkọ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé adójútòfò aláwọ̀ ilẹ̀ tí àjọ náà fi lélẹ̀ ní 1982 ni ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kan náà ni a ń gbà wakọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Nàìjíríà kúrò lápá òsì ní April 1972, Gánà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní August 1974. Ibodè mẹ́ta ni arìnrìn-àjò yóò kọjá, èyí ni ti Sèmẹ̀, ti Hillacondji àti ti Aflao. Oríṣi owó mẹ́ta ni yóò ná: náírà, sẹ́fà àti sídì.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn ènìyàn wa rárá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho ti ṣòwò dé Gánà tipẹ́ kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò kúrò ní òpin ọdún 1969. Ó di 1983 kí Nàìjíríà náà tó lé àwọn ará Gánà. Ọ̀pọ̀ ẹrù àti omijé ni ó ti gba ọ̀nà yìí kọjá kí ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó gbà á.

Àgbádárìgì ni ibùdó kìíní. Ẹwà ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́: ọ̀sà tí ó tẹ́jú bí awo, igi àgbọn lọ súà, àti òkun tí ń hó ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni ilé alájà kan wà tí àwọn míṣọ́nárì ìjọ CMS parí ní 1845. Nítòsí rẹ̀ ni ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass wà, níbi tí a ti ń kó ẹrú sí inú àwọn yàrá kéékèèké títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi dé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ẹrú ni Abass alára tẹ́lẹ̀, pé a mú un lọ sí Brazil ní èwe, ó padà bọ̀, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Ilé náà kì í ṣe òkúta, kò sì ní ìbọn àgbá lórí. Ilé bí ilé ni. Ẹni tí ó bá ń wá ilé olódi ńlá lè kọjá níbẹ̀ kí ó má mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ.

Lẹ́yìn ibodè Sèmẹ̀ ni arìnrìn-àjò yóò rí ọ̀nà Àjàṣẹ́, olú-ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Porto-Novo. Yorùbá ń dún níbẹ̀ bí ó ti ń dún ní ilé. Kútọnu ni ó tẹ̀ lé e, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹnu ọ̀sà ikú ní èdè Fọ̀n. Ní àríwá Kútọnu, lórí ọ̀sà Nokoué, ni ìlú Ganvié wà. Orí òpó igi nínú omi ni a kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀ sí. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni àwọn ọmọ fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun náà ni àwọn ìyá fi ń ná ọjà. Àwọn àlejò a máa yà á ní àwòrán lọ́tùn-ún lósì nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe lọ gbé orí omi. Wọ́n sá fún àwọn akónilẹ́rú ni, nítorí ìtàn wọn sọ pé òfin ìsìn kò gba àwọn ọmọ ogun Dàhòmì láyè láti jagun lórí omi. A lè sọ pé ilé olódi ni Ganvié náà. Omi ni odi rẹ̀, ẹni tí a ń lé ni ó sì mọ ọ́n.

Ouidah kò jìnnà sí Kútọnu. Àwọn Faransé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Potogí ní ilé olódi kọ̀ọ̀kan ní ìlú yìí. Èyí tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721 ṣì wà, ó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ya ni lẹ́nu pé Potogí kò kúrò nínú ilé kékeré yìí títí di 1961, nígbà tí ìjọba Dàhòmì tuntun gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti àárín ìlú dé etí òkun tó nǹkan bí 4 kìlómítà, orí iyanrìn ni àwọn ẹrú sì gbà dé ibẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Lẹ́bàá omi ni a gbé ẹnu ọ̀nà ńlá kan kalẹ̀ ní 1995, tí a pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí a gba Ouidah kó kọjá.

Etíkun Tógò kò gùn, ọkọ̀ a máa là á kọjá láàrin wákàtí díẹ̀, pẹ̀lú òkun lápá òsì. Lẹ́yìn ibodè Aflao, ẹni tí ó bá yà sí Keta yóò rí ilé olódi Prinzenstein tí àwọn ará Denmark kọ́ ní 1784. Òkun ti jẹ apá kan rẹ̀ lọ. Ògiri tí ó kù dúró bí eyín tí ó ṣẹ́. Ní Accra, ilé olódi Christiansborg wà ní Osu. Àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1661, wọ́n sì tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ọ̀nà ilé yìí ni àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun àgbáyé kejì dé ń tọ̀ lọ ní ọjọ́ 28, February 1948, láti lọ fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn, kí a tó yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn. Ikú wọn wà lára ohun tí ó ta Gánà jí sí ìjà òmìnira.

Láti Accra dé Cape Coast tó nǹkan bí 145 kìlómítà. Àwọn ilé olódi kéékèèké wà lójú ọ̀nà, ní Apam, ní Abandze àti ní Anomabo. Ní Cape Coast ni ilé funfun gbàgàdà kan ti dúró lórí àpáta, tí ìgbì ń fọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ ní 1653. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀rúndún náà tó parí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣàkóso etíkun náà títí di 1877. Ní òkè ni yàrá gómìnà wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí láti orí òkun. Ní ìsàlẹ̀ ni yàrá abẹ́ ilẹ̀ wà, níbi tí a ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin sí nínú òkùnkùn. Ilé ìsìn sì wà lórí yàrá àwọn ẹrú ọkùnrin náà gan-an. Àwọn tí ó wà lókè ń gbàdúrà, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń kérora, pákó àti òkúta ni ó là wọ́n láàrin. Nínú àgbàlá ilé yìí ni a sin Philip Quaque sí ní 1816, ẹni tí í ṣe ọmọ Áfíríkà kìíní tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ àlùfáà.

Elmina ni òpin ìrìn-àjò. Àwọn Fante ń pè é ní Edina, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn Potogí fún un túmọ̀ sí ibi ìwakùsà, nítorí wúrà ni wọ́n wá. Diogo de Azambuja ni ó ṣáájú àwọn tí ó kọ́ ilé olódi ibẹ̀ ní 1482, ọdún mẹ́wàá kí Columbus tó dé Amẹ́ríkà. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì gbà á ní 1637, wọ́n sì fi í lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1872. Ní 1896, ibẹ̀ ni wọ́n ti Prempeh Kìíní, ọba Àṣáńtì, mọ́ kí wọ́n tó mú un lọ sí ìgbèkùn. Ó di 1924 kí ó tó padà wálé. Lókè ẹnu ọ̀nà yàrá kan nínú ilé náà, a gbẹ́ agbárí àti eegun sára òkúta: ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, ikú ni. Bí arìnrìn-àjò bá jáde síta, yóò rí àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n, ọkọ̀ tí a kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, àti ọmọdé tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lẹ́wà púpọ̀. Òun gan-an ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èéṣe tí àwọn ilé òkúta fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Gánà, tí kò sì sí irú wọn láti Ouidah dé Èkó? Ìdí rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, àpáta wà létí òkun Gánà tí a lè kọ́lé lé, tí a sì lè gbẹ́ òkúta lára rẹ̀. Iyanrìn àti ọ̀sà ni ó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Èkejì, wúrà pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù àwọn òyìnbó sì ń fi odi ṣọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹ̀kẹta, àwọn ọba apá ibí kò fi àyè sílẹ̀. Ní Ouidah, abẹ́ àṣẹ ọba Dàhòmì ni àwọn òyìnbó wà. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé, nínú ìlú, jìnnà sí omi tí wọn ì bá gbà sá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìdí kẹta yìí. Níbi tí òyìnbó kò ti ní odi òkúta rárá, a ṣì kó ènìyàn tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì láti etíkun yìí lọ. Kì í ṣe ògiri òyìnbó nìkan, nígbà náà, ni ó gbé òwò ẹrú ró.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìdílé kan tí ó ti Bódìjà lọ, tí wọ́n dúró nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Cape Coast. Amọ̀nà ti sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ kékeré fa aṣọ baba rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé àwọn òyìnbó ni wọ́n lọ mú wọn nílé wọn?" Ìbéèrè yìí ni ó dá ìgbafẹ́ dúró. Baba tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ yóò ní, "Rárá, ọmọ mi. Wọ́n rà wọ́n ni." Ọmọ yóò sì tún béèrè pé, "Lọ́wọ́ ta ni?"

Ilé olódi kò lè dáhùn ìbéèrè kejì yìí. Òkúta rẹ̀ ń sọ ẹni tí ó rà. Láti mọ ẹni tí ó tà, àfi kí a padà sẹ́yìn lọ sí òkè ilẹ̀. Òpó ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọjá ní Cape Coast àti Elmina jẹ́ Akan àti àwọn aládùúgbò wọn, a sì mú ọ̀pọ̀ wọn wẹ̀ nínú odò ní Assin Manso kí wọ́n tó rí òkun. Ti àwọn ènìyàn wa, Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni a gbà kó wọn lọ. Ní 1821, ogun kó Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn. Ọmọ kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí a mú. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni a tà á títí ó fi dé Èkó. Àwọn Potogí rà á sínú ọkọ̀ ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí olùkọ́ èdè Yorùbá kankan kò lè gbàgbé. Títí tí a fi tà á dé etí omi, kò sí òyìnbó nínú àwọn tí ó mú un tàbí tí ó tà á.

Ìbàdàn pẹ̀lú ní láti sọ tirẹ̀. Ibùdó ogun ni ìlú yìí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ogun ni oko àwọn jagunjagun rẹ̀, ẹrú ni ìkórè wọn. Wọ́n tà nínú wọn sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú títí dé etíkun, ìbọn àti ẹ̀tù ni wọ́n sì fi ń gbà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851, tí ọjà òkun sì ń tú, inú oko àwọn olóyè ni ọ̀pọ̀ ẹrú wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970. Ìtàn gidi sì jẹ́rìí pé olówó ẹrú ni obìnrin náà. Odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí 1858 bo àwọn ará ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì bo àwọn tí a kó lẹ́rú wálé mọ́ inú ìlú. Ilé ẹlẹ́jà, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtajà ni ó gba gbogbo Dùgbẹ̀ àti Challenge lónìí. Ẹni tí ó ń ti ibẹ̀ wakọ̀ lọ sí Elmina gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdajì ìtàn tí òun ń lọ wò wà lẹ́yìn òun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èyí ń wẹ òyìnbó mọ́. Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Àwọn tí ó mú ọkọ̀ wá, tí wọ́n mú ìbọn wá, tí wọ́n sọ ènìyàn di ohun ìní títí dé ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá àbọ̀ ẹ̀mí kún inú ọkọ̀, ẹ̀bi tiwọn kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ dín. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Òwe méjèèjì ni ó tọ̀nà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan kọ́ ọmọ tí ó sì fi èkejì pamọ́, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ǹjẹ́ ó bójú mu kí ènìyàn máa ṣe fàájì ní irú ibi báyìí? Àwọn kan ní kò tọ́. Wọ́n ní bí a kò ṣe ń gbé ìlù lọ sí itẹ́ òkú, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ilé ìtura olówó gọbọi máa dojú kọ ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kú. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Àwọn mìíràn ní owó tí àlejò ń san ni a fi ń tún ògiri ṣe, òun náà ni ó ń bọ́ àwọn amọ̀nà àti apẹja. Wọ́n ní bí ẹsẹ̀ bá dá níbẹ̀, òkun yóò jẹ àwọn yòókù bí ó ti jẹ ti Keta, ẹ̀rí yóò sì parẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà ní ìwúwo. Àwọn ọmọ àwọn tí a kó lọ kò yẹra. Ní 1998, a gbé egungun ẹrú méjì, ọ̀kan láti Jàmáíkà, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, gba ẹnu ọ̀nà Cape Coast wọlé padà, a sì sin wọ́n sí Assin Manso. Láti ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà ọ̀hún ti ní orúkọ méjì: Àìpadàbọ̀ lójú ẹni tí ń jáde, Àbọ̀ lójú ẹni tí ń wọlé.

Ohun tí ó ya ìgbafẹ́ rere sọ́tọ̀ kúrò lára àfojúdi kì í ṣe iye owó ọkọ̀ tàbí ilé ìtura. Ìmọ̀ ni, àti ìwà. Ẹni tí ó bá sùn ní etíkun kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, tí ó sì jáde láìmọ ohun tí ó rí, òun ni ó ṣẹ̀ sí ara rẹ̀ àti sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Fún ìdí èyí, iṣẹ́ kan já lé àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Gánà, kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Gánà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní òkè ilẹ̀, ní Òṣoògùn tàbí ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ sílẹ̀. Kí wọ́n dúró ní Àgbádárìgì kí wọ́n wo ilé tí ó jọ ilé tiwọn. Kí wọ́n rí Ganvié, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn kan kọ̀ láti di ọjà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó lọ wo òkúta Cape Coast àti ti Elmina. Ẹni tí kò bá lówó ọkọ̀ dé Gánà kò pàdánù gbogbo rẹ̀, nítorí apá tí ó ṣòro jù lọ nínú ìrìn-àjò náà wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí, owó ọkọ̀ èrò kan sì lè gbé e dé ibẹ̀.

Ní àkótán, ìrìn-àjò etíkun dára, ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tijú pé òun lọ sinmi. Ṣùgbọ́n ilé olódi kì í ṣe ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà parí sí ni. Iwájú ilé ẹnìkan ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó gbọ́ èdè tí ẹrú náà ń sọ, tí ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yékéyéké, tí ó sì tà á síbẹ̀síbẹ̀.